Sẹ́ẹ̀lì Jẹjẹrẹ Ọpọlọ fún Ìwádìí: Bí Ẹ Ṣe Máa Yàn Án, Bí Ẹ Ṣe Máa Tọ́jú Rẹ̀, àti Ohun Tó Máa Ń Bà Á Jẹ́

Láti Àjàṣẹ́, Kétu títí dé Ṣábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, ìbéèrè kan náà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe mémoire tàbí thèse lórí jẹjẹrẹ máa ń béèrè. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ọpọlọ wo ni kí àwọn lò? Níbo ni wọ́n ti ń rà á? Báwo ni wọ́n ṣe ń bọ́ ọ tí kò fi ní kú kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé? Ìdáhùn rèé, ní ìgbésẹ̀-ìgbésẹ̀. Ẹni tó ti ní sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ lè fo apá rírà, àmọ́ kó má fo apá ìdánimọ̀.

Ìran sẹ́ẹ̀lì la ń sọ níbí, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n mú lára kókó ọpọlọ aláìsàn kan, tó ń pín ara rẹ̀ nínú ìgò láìdáwọ́ dúró. Ohun tó ń ba iṣẹ́ lórí wọn jẹ́ jù ni kí orúkọ tó wà lára ìgò má jẹ́ orúkọ sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú rẹ̀. Bí bakitéríà bá wọ ìgò, omi á dàrú, ẹ ó sì dà á nù. Àmọ́ sẹ́ẹ̀lì tí kì í ṣe èyí tí ẹ rò á máa dàgbà dáadáa, á máa fún yín ní èsì, ẹ ó sì fi èsì náà sínú ìwé.

## 1. Ẹ kọ ìbéèrè yín sílẹ̀ kí ẹ tó yan sẹ́ẹ̀lì

Ọ̀pọ̀ ló ń mú U-87 MG nítorí pé òun ni wọ́n rí nínú ìwé àwọn ẹlòmíì. Ìdí yẹn ò tó. Ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀, kí ẹ wá wo sẹ́ẹ̀lì tó lè dáhùn rẹ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ nísàlẹ̀ yìí jẹ́ ti glioblastoma, kókó jẹjẹrẹ ọpọlọ tó ń mú àgbàlagbà tó sì burú jù:

- U-87 MG: jíìnì p53 rẹ̀ ṣì pé, PTEN ti bàjẹ́ (jíìnì tó ń dá jẹjẹrẹ dúró ni méjèèjì). Temozolomide, oògùn tí wọ́n fi ń tọ́jú glioblastoma, máa ń ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Omi oúnjẹ rẹ̀ ni EMEM pẹ̀lú síróòmù màlúù 10%. Ó máa ń ṣù jọ.
- U-251 MG: p53 àti PTEN ló ti bàjẹ́. Ó tètè ń dàgbà.
- T98G: ó ń ṣe purotéènì MGMT, tó ń tún DNA tí temozolomide bà jẹ́ ṣe. Nítorí náà oògùn yìí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Bí ìwádìí yín bá dá lórí sẹ́ẹ̀lì tó ń kọ oògùn, òun ni kí ẹ mú.
- LN-229: PTEN rẹ̀ pé, p53 ti bàjẹ́. DMEM pẹ̀lú síróòmù 5% ni wọ́n fi ń bọ́ ọ.
- A172: p53 rẹ̀ pé. DMEM pẹ̀lú síróòmù 10%.
- Daoy: medulloblastoma, kókó ọpọlọ ọmọdé, tí wọ́n mú lára ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rin. EMEM pẹ̀lú síróòmù 10%.

Ẹ mú méjì, ó kéré tán, tí ipò jíìnì wọn yàtọ̀ síra. U-87 MG pẹ̀lú T98G dára fún iṣẹ́ lórí temozolomide. Bí ìbéèrè yín bá kan ìyípadà jíìnì IDH1, kò sí ọ̀kankan nínú márùn-ún àkọ́kọ́ tó máa dáhùn rẹ̀, torí IDH1 gbogbo wọn pé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ níbi yíyàn

- C6 àti 9L: ti eku ńlá ni. GL261: ti eku kékeré ni. Ẹ má kọ wọ́n bíi ti ènìyàn.
- SH-SY5Y: neuroblastoma ni, inú mùdùnmúdùn eegun ni wọ́n sì ti mú un. Kì í ṣe kókó ọpọlọ.
- U-373 MG àtijọ́ àti SNB-19: àyẹ̀wò DNA fi hàn pé U-251 ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá lo U-251, SNB-19 àti U-373 àtijọ́ tó wá ní òun dán nǹkan wò lára aláìsàn mẹ́ta, ẹyọ ẹnì kan ló ń dán an wò lára.
- U-118 MG àti U-138 MG: ara ẹnì kan náà ni méjèèjì ti wá.

U-87 MG fúnra rẹ̀ ní ọ̀ràn tirẹ̀. Ní 2016, àwọn olùwádìí ní Uppsala, ní Sweden, níbi tí wọ́n ti kọ́kọ́ mú U-87 dàgbà, fi DNA èyí tí gbogbo ayé ń rà wé ohun tí wọ́n ṣì ní nípamọ́ lára kókó aláìsàn náà. Kò bára mu. Èyí tó wà ní ọjà jọ glioblastoma lóòótọ́, àmọ́ a ò mọ ẹni tó ni ín. Ẹ ṣì lè lò ó. Ẹ kàn má kọ ọjọ́ orí àti ìtàn aláìsàn ti Uppsala sí i lára.

## 2. Rírà àti gbígbé e délé

1. Ẹ wo orúkọ sẹ́ẹ̀lì náà nínú Cellosaurus lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ti U-87 MG tó wà ní ọjà ni CVCL_0022. Lẹ́yìn náà, ẹ wò ó bóyá ó wà nínú ìwé ICLAC, níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti dàrú sí.
2. Ẹ rà á lọ́wọ́ ilé ìpamọ́ sẹ́ẹ̀lì: ATCC ní Amẹ́ríkà, ECACC ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí DSMZ ní Jámánì. Wọn kì í tà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, yunifásítì yín ló máa fọwọ́ sí ìwé àdéhùn.
3. Ẹ bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ kí ẹrù tó gbéra. Ìwé tó sọ pé sẹ́ẹ̀lì ìwádìí ni, kì í ṣe fún títà, kò sì ní kòkòrò àrùn nínú, gbọ́dọ̀ wà níta páálí, ní èdè Faransé.
4. Ẹ ṣètò kí ó dé Kútọnú láàárín Ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́rú. Yìnyín gbígbẹ tó wà ní –78°C ló ń gbé e bọ̀, ó sì ń di afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ẹrù bá dé ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, ẹ lè má bá yìnyín kankan nínú páálí mọ́ ní Ọjọ́ Ajé.
5. Bí ẹ̀rù yìnyín bá ń bà yín, ẹ béèrè sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà lọ́wọ́, tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ nínú ìgò tí omi oúnjẹ kún dé ọrùn. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe bí ẹ bá ń gbé e láti Kútọnú wá sí Àjàṣẹ́ tàbí Kétu. Ẹ kún ìgò náà, ẹ dé e pinpin, ẹ fi sínú àpótí tí oòrùn ò lè wọ̀. Ẹ má fi yìnyín sí i.

Bí ọ̀rẹ́ bá fún yín ní ìgò kan láti yàrá ìwádìí míì, ẹ dúpẹ́, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀. Kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yín wà títí àyẹ̀wò mycoplasma (bakitéríà tíntìntín tí a máa sọ ní apá 5) àti ti ìdánimọ̀ á fi dé.

Àyẹ̀wò ìdánimọ̀. Àyẹ̀wò STR ni wọ́n ń pè é, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá fi ń dá DNA ènìyàn mọ̀. Ẹ kán sẹ́ẹ̀lì sórí káàdì tó ń gba DNA, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi ránṣẹ́ sí òkè òkun nínú àpòòwé lásán. Kò nílò òtútù. Bí èsì bá bá èyí tó wà nínú Cellosaurus mu dé 80% sókè, ara ẹnì kan náà ni. Bó bá lọ sílẹ̀, ẹ fura kí ẹ tún un ṣe. Ẹ ṣe é nígbà tí sẹ́ẹ̀lì dé, kí ẹ tún ṣe é kí ẹ tó kọ ìwé jáde.

Ẹni tó fẹ́ mú sẹ́ẹ̀lì tuntun lára aláìsàn ní ilé ìwòsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ CNERS, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera ní Benin, kí aláìsàn sì fọwọ́ sí i. Iṣẹ́ míì nìyẹn, ó ju mémoire lọ.

## 3. Títú sẹ́ẹ̀lì kúrò nínú yìnyín

Kí ẹ tó mú u jáde:
- omi oúnjẹ 9 mL nínú túùbù, tó ti lọ́wọ́ọ́wọ́
- ìgò T-25, tí ẹ ti kọ orúkọ sẹ́ẹ̀lì, ọjọ́ àti nọ́ńbà pípín (iye ìgbà tí wọ́n ti pín in sínú ìgò tuntun) sí lára
- ọtí etánọ́ọ̀lù 70%, ìbọ̀wọ́, àti ìbòjú bí ó bá jẹ́ inú nitirójìn olómi lẹ ti fẹ́ mú un

Ìbòjú yẹn ṣe pàtàkì. Nitirójìn lè ti wọ inú túùbù, bó bá sì bọ́ sínú ooru, túùbù á bẹ́.

1. Ẹ ki ìdajì túùbù bọ omi 37°C, kí omi má dé ìdérí. Ẹ máa mì í pẹ̀lẹ́ fún ìṣẹ́jú kan sí méjì, títí yóò fi ku yìnyín kékeré kan nínú rẹ̀.
2. Ẹ fi ọtí nu túùbù. Láti ìgbà yìí lọ, abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù afẹ́fẹ́ mímọ́ lẹ wà.
3. Ẹ kán sẹ́ẹ̀lì náà díẹ̀díẹ̀ sínú omi oúnjẹ 9 mL. Bí ẹ bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, sẹ́ẹ̀lì á fa omi mu lójijì, á sì bẹ́.
4. Ẹ yí i nínú sẹ́ńtírífúùjì ní 200 × g fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ da omi òkè nù, torí DMSO, oògùn tó ń dáàbò bo sẹ́ẹ̀lì nínú yìnyín, wà nínú rẹ̀, májèlé sì ni fún sẹ́ẹ̀lì tó ti kúrò nínú yìnyín.
5. Ẹ fi omi oúnjẹ tuntun 5 mL tú u, ẹ dà á sínú T-25, ẹ gbé e sínú ínkúbétọ̀ ní 37°C pẹ̀lú CO₂ 5%.
6. Ní ọjọ́ kejì, ẹ wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù. Àwọn tó ti lẹ̀ mọ́lẹ̀ tí wọ́n na ọwọ́ ló yè. Òkú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó rí roboto tí wọ́n ń léfòó. Ẹ pààrọ̀ omi.

Ẹ má fi ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ṣe ìdánwò kankan. Ẹ kọ́kọ́ pín in sínú ìgò tuntun lẹ́ẹ̀mejì, ó kéré tán.

## 4. Bíbọ́ àti pípín

Ẹ pààrọ̀ omi oúnjẹ ní ọjọ́ méjì-mẹ́ta síra. Ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá bo 70 sí 80% ilẹ̀ ìgò ni kí ẹ pín in. Bó bá kún àkúnya, U-87 MG á ṣù jọ bíi kókó kéékèèké, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò nílẹ̀, ìwà rẹ̀ á sì yí padà.

1. Ẹ fa omi àtijọ́ jáde. Ẹ fi omi iyọ̀ PBS tí kò ní kálísíọ̀mù àti magnesium, 3 mL, ṣan ìgò. Ẹni tó bá fo èyí á jókòó ti tirípsìn (ohun tó ń tú sẹ́ẹ̀lì kúrò nílẹ̀ ìgò) títí, torí síróòmù tó kù ń pa agbára tirípsìn.
2. Ẹ bu tirípsìn-EDTA 0.25%, 1 mL, sí i. Ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún ti tó. Ẹ máa wò ó lábẹ́ máíkírósíkópù, ẹ má gbá ìgò mọ́ tábìlì, ìyẹn ló ń mú wọn ṣù jọ.
3. Ẹ fi omi oúnjẹ 4 mL dá tirípsìn dúró. Ẹ fà á sókè-sódò nínú pípẹ́ẹ̀tì pẹ̀lẹ́ títí wọn á fi tú.
4. Ẹ ka iye rẹ̀. Ẹ po sẹ́ẹ̀lì àti trypan blue 0.4%, àwọ̀ tó ń wọ òkú sẹ́ẹ̀lì, ní ìwọ̀n kan náà, ẹ kán an sórí gíláàsì ìkàye, ẹ ka àwọn tí kò gba àwọ̀ nínú igun mẹ́rin ńlá. Àpẹẹrẹ: igun mẹ́rin jẹ́ 180, ìpíndọ́gba jẹ́ 45. Ẹ fi 2 sọ ọ́ di púpọ̀ nítorí àwọ̀, kí ẹ tún fi 10,000 sọ ọ́ di púpọ̀. Ó jẹ́ 900,000 nínú 1 mL.
5. T-25 tuntun fẹ́ nǹkan bí 500,000. Nínú àpẹẹrẹ yẹn, 0.56 mL ni ẹ ó bù sí i.
6. Ẹ fi ọ̀kan kún nọ́ńbà pípín, ẹ kọ ọ́ sára ìgò àti sínú ìwé. Nígbà tó bá ti di ogún pípín láti ìgbà tí ẹ tú u, ẹ dà á nù, kí ẹ tú òmíràn.

Ìgò omi oúnjẹ kan fún ìran sẹ́ẹ̀lì kan. Ìran sẹ́ẹ̀lì méjì kò gbọdọ̀ pàdé lábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ parí ọ̀kan, ẹ fi ọtí nu ibẹ̀, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ tó gbé ìkejì jáde. Ẹyọ sẹ́ẹ̀lì kan tó tètè ń dàgbà, bó bá tipasẹ̀ pípẹ́ẹ̀tì bọ́ sínú ìgò ẹlòmíì, òun ni yóò gba gbogbo ìgò náà láàárín oṣù díẹ̀. Bí SNB-19 ṣe lè di U-251 nìyẹn.

## 5. Ohun tó ń wọ ìgò

Bí omi bá di yẹ́lò tó sì rú láàárín òru kan, bakitéríà ni. Bí ohun funfun bá ń léfòó bí òwú, èbu ni. Ẹ bu omi Javel sí i, ẹ dà á nù, ẹ nu ínkúbétọ̀.

Mycoplasma ló yẹ kó máa bà yín lẹ́rù. Ẹ ò lè fi máíkírósíkópù lásán rí i, omi ò ní rú, sẹ́ẹ̀lì ò sì ní kú. Ó kàn máa ń jẹ lára oúnjẹ wọn, á sì yí ìwà jíìnì wọn padà, gbogbo èsì yín á wọ́. Asẹ́ 0.22 µm kì í dá a dúró. Penicillin ò lè pa á, torí ògiri sẹ́ẹ̀lì ni penicillin ń bà jẹ́, mycoplasma ò sì ní ògiri. Ìdí rèé tí a ò fi fara mọ́ kí wọ́n máa bu penicillin àti streptomycin sínú ìgò lójoojúmọ́: ó ń bo ìwà ìdọ̀tí mọ́lẹ̀.

- Ẹ ṣe àyẹ̀wò PCR, tó ń wá DNA mycoplasma, lóṣooṣù, lórí omi tó ti wà lára sẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ méjì, ó kéré tán, láìsí oògùn apakòkòrò nínú rẹ̀.
- Bí PCR ò bá sí, ẹ fi DAPI, àwọ̀ tó ń mú kí DNA tàn, kun sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá rí àmì tíntìntín tó ń tàn níta núkúlíọ́ọ̀sì, ó ti wọlé.
- Bó bá ti wọlé, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù kí ẹ tú túùbù mímọ́. Oògùn tó ń wò ó wà, àmọ́ ìran sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ò lè rí rà mọ́ nìkan ni ẹ fi í ṣe.

## 6. Iná tó lọ, ooru, àti ọyẹ́

Iná. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí ilẹ̀kùn ínkúbétọ̀ láti wò ó. Ooru ibẹ̀ á dúró díẹ̀. Bó bá máa pẹ́, ẹ dé àwọn ìgò pinpin kí CO₂ inú wọn má bàa sá. Omi tó bá ti di pupa rúsúrúsú sí àlùkò ti pàdánù CO₂. HEPES 10 sí 25 mM nínú omi oúnjẹ, tí kì í jẹ́ kí pH rẹ̀ tètè yí padà, máa ń ràn yín lọ́wọ́. Ínkúbétọ̀ ni kí onduleur gbé, firísà –80°C ni kí jẹnẹrétọ̀ gbé.

Ooru. Èyí ni ọ̀pọ̀ ìwé òkè òkun kì í tẹnu mọ́. Ọ̀pọ̀ ínkúbétọ̀ mọ bí a ṣe ń gbóná, wọn ò mọ bí a ṣe ń tutù. Ní oṣù kẹta ní Àjàṣẹ́, bí yàrá bá ti gbóná kọjá 32°C, inú ẹ̀rọ lè kọjá 37°C, kí sẹ́ẹ̀lì sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú láìsí ẹni tó mọ̀dí. Ẹ fi tẹmómítà tiyín sínú rẹ̀, ẹ má gba nọ́ńbà ojú ẹ̀rọ gbọ́ nìkan. Ẹ̀rọ amúlétutù yàrá yẹn gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru.

Ọyẹ́. Eruku ọyẹ́ ń gbé irúgbìn èbu wọlé, pàápàá ní Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀, ẹ má gbálẹ̀. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ tún ń gbẹ omi inú ihò etí àwo oníhò tí ẹ fi ń ṣe ìdánwò, ẹ wo abọ́ omi ìsàlẹ̀ ínkúbétọ̀ lójoojúmọ́.

## 7. Fífi pamọ́

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kankan, ẹ fi túùbù mẹ́wàá pamọ́.

1. Ẹ mú sẹ́ẹ̀lì tó ń dàgbà dáadáa, tí kò tíì kún ìgò, tí àyẹ̀wò ti fi hàn pé ó mọ́.
2. Ẹ tú u sínú síróòmù 90% àti DMSO 10%, mílíọ̀nù kan sí méjì nínú 1 mL. Ẹ yára.
3. Ẹ fi sínú ike tó ní isopropanol, ẹ gbé e sí –80°C di ọjọ́ kejì. Òtútù gbọ́dọ̀ máa wọ̀ ọ́ ní 1°C láàárín ìṣẹ́jú kan. Bó bá yá jù, yìnyín á gún sẹ́ẹ̀lì.
4. Ní ọjọ́ kejì, ẹ kó o lọ sínú nitirójìn olómi. Yàrá tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní afẹ́fẹ́ tó ń wọlé, torí nitirójìn ń lé atẹ́gùn tí à ń mí kúrò.
5. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tú túùbù kan láti mọ̀ bóyá ó yè.

Bí nitirójìn ò bá sí nítòsí, –80°C á gbà á fún oṣù díẹ̀, kò ní gbà á fún ọdún. Ẹ fi ìdajì pamọ́ sí yunifásítì míì.

## 8. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ dán ewé wò

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń béèrè ló fẹ́ mọ̀ bóyá omi ewúro tàbí ewé míì á pa sẹ́ẹ̀lì U-87 MG. Àyẹ̀wò MTT ni wọ́n máa ń fi ṣe é, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe pọ̀ sí. Sẹ́ẹ̀lì tó yè ló ń sọ MTT, tó jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, di àlùkò. Àmọ́ ọ̀pọ̀ oje ewé lè sọ ọ́ di àlùkò fúnra rẹ̀, láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan níbẹ̀.

1. Ẹ fi sẹ́ẹ̀lì 3,000 sí 5,000 sínú ihò kọ̀ọ̀kan nínú àwo oníhò 96. Omi lásán ni kí ẹ fi sí ihò etí, ẹ má lò wọ́n.
2. Ní ọjọ́ kejì, ẹ fi oje ewé tí ẹ ti sẹ́ ní 0.22 µm sí i, ìwọ̀n márùn-ún sí mẹ́fà, ihò mẹ́ta fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. DMSO tó máa kù nínú ihò kò gbọdọ̀ ju 0.5% lọ, 0.1% ló dára jù.
3. Ẹ gbọ́dọ̀ ní: ihò tí ẹ ò fi nǹkan sí, ihò DMSO nìkan, ihò oje ewé láìsí sẹ́ẹ̀lì, àti ihò oògùn tí a mọ̀ pé ó ń pa sẹ́ẹ̀lì.
4. Lẹ́yìn wákàtí 72, ẹ fa oje jáde, ẹ fi PBS ṣan ihò pẹ̀lẹ́, kí ẹ tó fi MTT 0.5 mg/mL sí i fún wákàtí mẹ́ta. Ẹ fà á jáde, ẹ fi DMSO 100 µL yọ́ ọ, ẹ kà á ní 570 nm.
5. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì tí ẹ pín lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ihò mẹ́ta nínú àwo kan kì í ṣe ìdánwò mẹ́ta.

Bí ihò tí kò ní sẹ́ẹ̀lì bá di àlùkò, ẹ pa MTT tì, ẹ lo crystal violet, àwọ̀ tó ń kun sẹ́ẹ̀lì tó lẹ̀ mọ́lẹ̀, tàbí kí ẹ fi trypan blue kà wọ́n.

Bí temozolomide bá ni oògùn ìfiwéra yín, inú DMSO ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Nínú omi oúnjẹ ní 37°C, ìdajì rẹ̀ á ti túká láàárín nǹkan bí wákàtí méjì. Ó sì dìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá pín lẹ́yìn tó gbà á kó tó kú. Wákàtí 24 ò ní fi nǹkan hàn, ẹ fún un ní ọjọ́ márùn-ún.

Kí ẹ sì fi sẹ́ẹ̀lì ènìyàn tí kò ní jẹjẹrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Omi Javel pàápàá á pa U-87 MG. Ohun tó bá pa sẹ́ẹ̀lì nínú àwo kò tíì kọjá lára ẹ̀dọ̀, kò sì tíì la ògiri tó wà láàárín ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ kọjá. Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mú èsì yín lọ bá aláìsàn pé kó fi ilé ìwòsàn sílẹ̀.

## 9. Ohun tó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé yín

- orúkọ sẹ́ẹ̀lì àti nọ́ńbà CVCL rẹ̀
- ibi tí ẹ ti rà á, àti ọdún
- nọ́ńbà pípín, láti èyí tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ dé èyí tí ẹ fi parí
- ọjọ́ àyẹ̀wò STR àti iye tó bára mu
- ọjọ́ àyẹ̀wò mycoplasma tó kẹ́yìn, àti ọ̀nà tí ẹ gbà ṣe é
- omi oúnjẹ, ìwọ̀n síróòmù, àti bóyá oògùn apakòkòrò wà nínú rẹ̀

Bí ẹ bá ti kọ èyí tán, ẹ gbé ìgò tó kù síwájú, ẹ bu omi Javel sí i dé ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó dà á sí ojú omi ìdọ̀tí. Ẹ má gbé èyí tí Javel wà nínú rẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń fi oru omi pa kòkòrò, èéfín rẹ̀ léwu.